Jẹjẹrẹ Tó Bẹ Ọ̀wẹ̀ Nínú Ara Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló tọ́ mi dàgbà. Nígbà tí mo tẹ̀lé e wá sí Èkó láti Ìsẹ́yìn, yàrá kan ṣoṣo la jọ ń gbé ní Ṣógúnlé, níbi tó ti ń rán aṣọ iléèwé. Lẹ́yìn tí mo rí iṣẹ́ ní ibùdó ẹrù ọkọ̀ òfuurufú, tí mo kó lọ sí Àjàó Estate, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ṣì ti ń jẹun lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Sọ́ńdè kan ni mo rí i pé ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Ó ti rù, ara sì ń yún un débi pé ó ń fi rúlà tó fi ń wọn aṣọ họ ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ó ti mu àgbo ibà pọ́njú títí, kò gbọ́.

"Oúnjẹ ni wọ́n fún mi jẹ," ló sọ fún mi.

Mo mọ ẹni tó ń bá wí. Òun àti obìnrin onídìrí tó ń gbé yàrá kejì ti jà lórí iwájú ilé tí àwọn méjèèjì fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìjà parí, obìnrin náà gbé mọ́ínmọ́ín wá bẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ sí i ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ẹ̀gbọ́n mi. Láti ìgbà náà, bí obìnrin náà bá kúnlẹ̀ kí i, ògiri ni ẹ̀gbọ́n mi ń yíjú sí.

Mo gbé e lọ sọ́síbítù. Lẹ́yìn tí wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀, dókítà kan, ọ̀dọ́mọbìnrin, pè wá jókòó. Ó ní jẹjẹrẹ ni, ó wà lára páńkíríásì, ẹ̀yà ara kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn àpò oúnjẹ.

"Dókítà, ẹ má fi pa mọ́ fún mi," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Ta ló fi í sí mi nínú?"

"Kò sẹ́ni tó fi í síbẹ̀, mà. Inú ara yín ló ti hù. Sẹ́ẹ̀lì kan ló ṣìnà tó ń pọ̀ sí i láìdáwọ́ dúró. Kì í sì í dá ṣiṣẹ́. Ó máa ń tú àwọn èròjà kan jáde, èròjà tó ń mú nǹkan dàgbà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò ṣàìsàn, tó wà nítòsí, á wá jẹ́ ìpè bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀. Wọ́n á mọ odi yí i ká, oògùn ò ní ráyè wọlé dáadáa. Wọ́n á tún tú èròjà tiwọn fún un, á wá túbọ̀ lágbára, á sì máa rìn lọ síbòmíràn."

"Ṣé wọn ò mọ̀ pé ọ̀tá ni?"

"Wọn ò mọ̀, mà. Tí abẹ́rẹ́ bá gún yín lọ́wọ́, irú èròjà bẹ́ẹ̀ náà ni ara fi ń pe irú wọn, kí wọ́n wá dí ojú ọgbẹ́. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe."

Kẹ̀kẹ́ já wa sílẹ̀ níwájú ilé ní Ṣógúnlé. Obìnrin onídìrí ń dirun lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi dúró níwájú rẹ̀.

"Àbúrò mi, mo fura sí ẹ. Mo ṣì ẹ́ mú. Inú ara mi ló ti wá. Forí jì mí."

Ìyarun já bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. "Ìyá Ìbejì, mo mọ̀ pé ẹ ń fura sí mi. Mo ti sunkún rẹ̀ tì." Ó dì mọ́ ọn, ó tún sunkún.

Àwọn dókítà ò lè ṣe iṣẹ́ abẹ, nítorí jẹjẹrẹ náà ti lọ́ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá. Ṣùgbọ́n wọ́n fi páìpù kékeré la ọ̀nà fún òróòro tí jẹjẹrẹ náà dí lọ́nà, tó sọ ojú rẹ̀ di bí ìyeyè; ojú rẹ̀ sì mọ́, ara dẹ́kun yíyún. Oògùn fún wa ní oṣù díẹ̀ tó lè jókòó síta, kó máa bá àwọn ìbejì rẹ̀ tó wà lókèèrè sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Nígbà tí kò lè dìde mọ́, obìnrin onídìrí ló ń wẹ̀ ẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló kú, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú tèmi.

Lọ́jọ́ fídáù, bàbá kan, ìbátan wa láti Ìsẹ́yìn, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ta ni wọ́n ní ó ṣe é?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ náà gùn jù.

"Àìsàn ni, bàbá."

Ó mi orí bí ẹni tó mọ̀ pé mò ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ bá obìnrin onídìrí fọ abọ́.