Àpáta Tí Mo Ní Mo Ti Sùn Lé Rí

Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá ni mo ya ọ̀nà náà sí. Mo fi bíírò fa ìlà láti Ajíbọ́dé, níbi tí a ń gbé, ó gba Ifẹ̀ àti Iléṣà kọjá, ó sì wọ ilẹ̀ olókè Èkìtì. Níbi tí ìlà náà parí sí, mo ya àpáta pẹrẹsẹ kan, mo sì ya omi kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta yóò pàgọ́ sí fún ọjọ́ méjì nínú ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ.

Ẹ̀rù ìrìnàjò náà ti ń bà mí láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti dá a lábàá. Kò sí ẹni tó ń gbé nílẹ̀ yìí tí kò mọ ohun tí ojú ọ̀nà ti dà. Bí ọkọ̀ bá yà kúrò ní títì pẹ́nrẹ́n, ta ni yóò gbọ́ igbe ẹni? Ohun kan ṣoṣo ló ń fún mi ní ìgboyà: mo ti sùn sórí àpáta yẹn rí. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà náà. Bàbá àti ìyá mi kó wa lọ, a sùn síta, ohunkóhun kò ṣe wá. Mo rántí òtútù àpáta náà lẹ́yìn mi. Mo rántí bí omi ibẹ̀ ṣe dùn lẹ́nu. Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ mi tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń bá mi parí rẹ̀. Nítorí omi náà ni ọkọ mi ṣe ní kẹ́ẹ̀gì omi kan péré ni a ó gbé dání.

"Ṣé ó dá ọ lójú pé omi wà níbẹ̀?" ó bi mí.

"Mo mu nínú rẹ̀," ni mo dá a lóhùn.

Ohun tí n kò rántí ni bóyá apá ọ̀tún ni a ti ń yà kúrò ní títì ni, àbí apá òsì. Bàbá àti ìyá mi kò sí láyé mọ́. Nítorí náà, ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́fà kí a gbéra, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Lálùpọn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń ṣe gàrí nínú ilé tí ìyá àgbà wa fi sílẹ̀. Mo bá a nídìí agbada, èéfín bo ojú rẹ̀.

"Akọ̀wé ti dé," ó wí, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. "Àwọn tó ní ilé, tí wọ́n fẹ́ lọ sùn nínú igbó."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, apá wo la ti yà nígbà tí Bàbá kó wa lọ sí orí òkè?"

"Kó ta ni lọ?"

"Àwa."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Èmi lọ. Ìwọ ò lọ."

Mo ní mo lọ. Mo ṣàpèjúwe àpáta náà fún un, mo ṣàpèjúwe àwọn tó wọ aṣọ funfun tí wọ́n ń kọrin títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ta ló sọ fún ọ pé ìgbafẹ́ la lọ ṣe? Òkè àdúrà ni. Gìrì ń mú ọ lójoojúmọ́, ilé ìwòsàn ti ní ká máa gbé ọ lọ sílé. Bàbá gbààwẹ̀ lórí òkè nítorí rẹ. Inú ilé yìí lo wà, lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà."

"Òtútù àpáta yẹn ńkọ́?"

"Orí sìmẹ́ńtì ni wọ́n máa ń tẹ́ ọ sí kí ara rẹ lè rọlẹ̀. Iyàrá yẹn náà nìyẹn."

"Omi ńkọ́? Mo mu ún."

"O mu ún lóòótọ́. Kẹ́ẹ̀gì ni Bàbá fi gbé e wálé. Wọ́n gbàdúrà sí i, wọ́n fi wẹ̀ ọ́, wọ́n fún ọ mu. Ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n, Ọlọ́run ló mọ̀." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yan gàrí rẹ̀. "Ìwọ lo máa ń ní kí n sọ bí orí òkè ṣe rí fún ọ. Mo máa ń yọ ẹ̀rù kúrò níbẹ̀ ni, torí o kéré. Mi ò fẹ́ kí o mọ̀ pé ìwọ là ń sunkún lé lórí."

N kò bèèrè ọ̀tún tàbí òsì mọ́. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi padà, mo pa ojú dé, mo ní kí n rántí àpáta náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá. Ó tẹ́jú, ó tutù, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń rí. Èyí ló bà mí lẹ́rù jù. Ìrántí tí kì í ṣe tèmi kò yàtọ̀ rárá sí tèmi, mo sì ti fẹ́ fi ṣe atọ́nà ọmọ mẹ́ta. Mo rò ó wò pé bóyá kí n dákẹ́, kí n kàn ní kí a gbé omi púpọ̀ sí i. N kò lè búra pé n kò pinnu bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Nígbà tí mo délé, wọ́n ti pa àgọ́ tí ọkọ mi yá lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sí àárín pálọ̀. Àbíkẹ́yìn wa yọ orí jáde nínú rẹ̀.

"Màmá, apá wo ni?"

"N kò mọ̀," ni mo wí. "N kò dé ibẹ̀ rí."

Àkọ́bí wa obìnrin rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣàwàdà. Nígbà tí mo ròyìn tán, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ó dáa tí o sọ ọ́," ni ọkọ mi wí. "Èmi àtìwọ á kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀, ká bá baálẹ̀ abúlé tó bá sún mọ́ ọn sọ̀rọ̀. Ká fi àwọn ọmọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ní Lálùpọn."

Ìmọ̀ràn tó bójú mu ni. N kò rí àlébù kankan tí mo lè tọ́ka sí nínú rẹ̀. Síbẹ̀, mo rí i lójú inú: àwọn ọmọ mi nínú iyàrá sìmẹ́ńtì yẹn, èmi lórí òkè, láì mọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

"Rárá," ni mo ní. "Bí a ó bá lọ, gbogbo wa ni."

"Kò sì sẹ́ni tó mọ ọ̀nà nínú wa."

"Kò sí."

"A ò lọ nìyẹn." Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọ igi àgọ́ kan. Àbíkẹ́yìn wa kọ̀, kò jáde. Aṣọ àgọ́ náà rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lé e lórí. Mo rá wọlé tọ̀ ọ́, mo jókòó tì í.

Ó bi mí bóyá ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni.