Àwọn Tó Ká Sùtánà Wọn Sókè

Títí di òní, tí mo bá rí obìnrin tó ká etí sùtánà rẹ̀ sókè kó má baà kan ilẹ̀, ó máa ń rí mi lára.

Ilé kan náà ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ń gbé ní Ìbà, ìjọ aláṣọ funfun kan náà la sì ń lọ. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ ilé àdúrà títí yóò fi parí. Tirẹ̀ kò parí. Ìju, tí wọ́n ń pè ní fáíbírọ́ìdì, ló wà nílé ọmọ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń dà láti oṣù dé oṣù, iṣẹ́ abẹ sì ń bà á lẹ́rù. Èmi nìkan ló sọ fún, ó sì bẹ̀ mí kí n pa ẹnu mọ́.

Tó bá di àárọ̀ Sọ́ńdè, á kun àtíkè, á tọ́ ètè, á wé gèlè, á ró ìró dúdú, á jókòó síwájú ilé. Mo bi í léèrè ìdí tó fi ń da ara rẹ̀ láàmú.

"Àǹtí mi, kí wọ́n ní mò ń gbéra ga. Kí wọ́n ṣáà má kàánú mi."

Wọ́n sọ ọ́ lóòótọ́. Fáànù ló ń tà ní Àlàbá, wọ́n ní ọjà ti gbà á lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìsìn, ìyá ìjọ méjì wá bá a wí, tàwọn ti sùtánà lọ́rùn. Èmi ni mo bá a gbé oúnjẹ fún wọn. Wọ́n jẹ ẹja, wọ́n fa eegun rẹ̀ mu, wọ́n sì ń bú ẹni tó sè é. Ọ̀kan ń lá ìka, ó ní, "Wo bó o ṣe ń dán! Ìwọ ṣáà ń jayé, Sọ́ńdè ò kàn ọ́ mọ́."

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ fi mí sádùúrà."

Ó dìde láti sìn wọ́n jáde. Òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn Ọlọ́run ṣe o. Àwọn méjèèjì ká sùtánà wọn dé orúnkún, wọ́n fara gba ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde, ọ̀kan ń pariwo pé, "Jésù! Ẹ̀jẹ̀ ò kàn mí o! Ṣé kò kàn yín?" Epo ẹja ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Èmi àti oníkẹ̀kẹ́ kan la gbé e dé ilé ìwòsàn ní Òkòkómáíkò. Lójú ọ̀nà, ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ bá mi nu ojú. Àtíkè ti bà jẹ́." Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọ́n gé ìju náà kúrò, ó yè.

Nígbà tó padà délé, kò sí ọmọ ìjọ tó wá kí i. Wọ́n kàn ránṣẹ́ pé kó mú àbẹ́là wá fún ìwẹ̀nùmọ́ kó tó wọ ilé àdúrà.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó tún jókòó síwájú ilé. Kò kun àtíkè, kò wé gèlè, ojú rẹ̀ rù. Ìró funfun ló ró. Àwọn ìyá ìjọ ń kọjá lọ, wọ́n sì yà sí òdìkejì títì. Ó wò wọ́n títí wọ́n fi ṣẹ́ kọ́nà.

"Ẹ̀jẹ̀ ti dá, àǹtí mi," ló wí. "Mo lè wọ ilé àdúrà báyìí. Mi ò lọ."