Ìṣó Idẹ Létí Tábìlì Aláṣọ

Òórùn igi gbígbó àti ìda oyin ló kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀ nínú ilé ìkẹ́rùsí aṣọ àtijọ́ yẹn, ní àárín gbùngbùn Houston. Ọ̀rẹ́ mi, ilé náà rẹwà! Ayé Ọbabìnrin Fikitóríà ni wọ́n kọ́ ọ: òpó irin tó yọ ewé, tó yọ òdòdó, àjà tí wọ́n fín bí ẹni fín igbá. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mo sì ní ìdí. Àwọn tó ni ín fẹ́ sọ ọ́ di apartment. Monday tó tẹ̀ lé e ni wọn yóò hú tábìlì gígùn tí wọ́n ti ń ta aṣọ níbẹ̀ dànù. Ìwé ẹ̀sùn mẹ́ta ni mo ti kọ sí wọn. Ẹ̀sùn kìíní: àkọlé ara ògiri yin oníṣòwò tó kọ́lé, kò mẹ́nu ba àwọn aláwọ̀ dúdú tó já òwú tó fi là. Ìkẹta: kí wọ́n má hú tábìlì náà. Ìkejì: ó ní ọ̀ṣọ́ lásán ni ìṣó idẹ tó tò sí etí tábìlì. Ara mi kò gba ìyẹn, àmọ́ n kò ní ẹ̀rí.

Màámi, tí wọ́n ta aṣọ fún ọgbọ̀n ọdún n'Íbàdàn kí wọ́n tó wá bá wa ní Richmond, nítòsí Houston, ni mo mú dání. Bí afinimọ̀nà ilé náà ṣe ń ṣàlàyé "ọ̀ṣọ́", màámi ti ń fọwọ́ pa ìṣó náà.

"Ọ̀ṣọ́ kẹ̀? Ìwọ tó kàwé, o ò rí i pé wọ́n kàn án wọlé tán, kó má baà fa aṣọ ya? Ọ̀pá ni wọ́n fi ń wọ̀n!"

Wọ́n ṣí ìborùn wọn, wọ́n fi etí rẹ̀ kan imú, wọ́n na apá ọ̀tún gbọọrọ bí àwọn aláṣọ ṣe ń wọn ọ̀pá kan, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Láti ìṣó kìíní dé ìkejì, rẹ́gí! Ìkejì sí ìkẹta, rẹ́gí! Igbe ayọ̀ ni mo fi bọnu. Afinimọ̀nà sáré lọ pe ọ̀gá rẹ̀, ó ní kí n bá òun bẹ màmá kí wọ́n tún un ṣe.

"Kí n tún kí ni ṣe? Ṣé wọ́n fẹ́ rà á ni?"

Màámi tún un ṣe ṣá, lójú ọ̀gá náà. Àwọn tó nilé kò hú tábìlì náà mọ́; ó wà níbẹ̀ dòní.

Mo ti rò pé gírámà mi ló máa ja gbogbo ìjà mi nílùú yìí. Ìwé mẹ́ta kò mi ewé kan. Apá màámi ló ṣe é. Àmọ́ àkọlé tuntun ní "àlejò kan" ló ṣàlàyé ìṣó náà, àwọn tó já òwú kò sì tíì sí níbẹ̀. Àlejò? Nídìí tábìlì aṣọ? Mo ti fi ìwé kẹrin ránṣẹ́: ẹ kọ ọ́ pé aláṣọ ni.