Ìgbọ̀nwọ́ Kì Í Ṣe Ìyẹ̀fun Tí Wọ́n Ń Pò

Irínwó fráǹkì ni kílò kajú kan lọ́dún yẹn, gbogbo ìlú Tchaourou sì ń rùn bí ọtí tó ti kan, nítorí èso kajú tí ẹnikẹ́ni kò ráyè jẹ ń jẹrà lábẹ́ igi. Eṣinṣin ń jó, àwa ń ṣòwò. Èmi tí mò ń ra kajú káàkiri abúlé Alafiarou àti Goro, owó ni mò ń gbóòórùn ní tèmi. Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi obìnrin gun igi lọ ká èyí tó pọ́n jù, ẹ̀ka dá, ó já bọ́, ó sì fi ọwọ́ òsì tẹlẹ̀ kí ojú rẹ̀ má baà kanlẹ̀.

Kí n tó ti ọjà dé, Tata ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni Tata. Kò sí ẹsẹ̀ tó rọ́ tàbí ọrùn tó gan ní àdúgbò wa tí kò tíì fi omi gbígbóná àti òrí wọ́. Mo bá a níbi tó ti fi orúnkún tẹ ọmọ mi mọ́lẹ̀, tó ń fa apá náà bí ẹni ń fa iṣu nínú ebè. Ìgbọ̀nwọ́ ti wú, ó ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, “Tata, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń ṣe?” Ó ní, “Ó yẹ̀ ni, mò ń dá a padà. Ìwọ lọ wọn kajú rẹ.” Ó fi aṣọ dì í pinpin. Ọkọ mi ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí owó rẹ̀ jábọ́. Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀, àbúrò dákẹ́ nìyẹn!

Mo fọwọ́ kan ìka ọmọ náà. Ó tutù bí ẹja inú yìnyín, ó sì funfun. Mo ní kó ká wọn kò, kò lè ká wọn. “Maman, ó ń ta mí bí èèrà.” Mo tú aṣọ náà kíá. Tata pariwo: “Ẹ̀yin ìyàwó òde òní, ilé ìwòsàn ló bí yín!” Mo ní, “Tata, tí ìka yìí bá kú, ṣé ẹ máa gé tiyín fún un?” Mo fi gèlè mi gbé apá náà kọ́ ọ lọ́rùn bó ṣe wà, n kò nà án, n kò ká a, mo gbé ọmọ gun alùpùpù, ó di ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá bínú ju èmi lọ. “Ta ló wọ́ ọ? Egungun ló dá, kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé ọwọ́! Ìgbọ̀nwọ́ ọmọ tó bá wú lẹ́yìn ìṣubú, ẹ má fà á, ẹ má dì í, ẹ gbé e wá lọ́jọ́ náà. Tí ìka bá tutù, ẹ sáré! Ẹ má sì fún un lóúnjẹ, wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ.” Ní ilé ìwòsàn ńlá ní Parakou ni wọ́n ti fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ so egungun náà pọ̀. Dókítà ní ká ní a sùn sílé mọ́jú, ọwọ́ náà ì bá gan títí ayé.

Inú ṣì ń bí mi. Tata kò burú. Ẹsẹ̀ tó rọ́ gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kajú lásán, àwa oníṣòwò á là á, a ó wo inú rẹ̀, kí a tó ná an. Egungun ọmọ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ àgbà nìkan la gbà, a kò wo inú nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n yọ irin, Tata wá gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní tí a kò bá san owó ẹni tó wọ́ egungun, egungun á tún dá. Ọwọ́ ọkọ mi ti wà nínú àpò. Mo gba owó ẹyọ tó mú jáde lọ́wọ́ rẹ̀, mo dà á sí ọwọ́ òsì ọmọ mi. Tata fà sẹ́yìn: “Ọwọ́ òsì! Sí èmi?” Mo ní, “Òun lẹ ṣiṣẹ́ lé lórí, Tata. Ṣé ọ̀tún ni yóò bá a san án?” Ọmọ mi na apá náà gbọọrọ, ó ṣí ìka lọ́kọ̀ọ̀kan. Tata wo ìka yẹn títí, ó sì gba owó náà: ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fráǹkì.