Dókítà Ameenah àti Ojú Ìkẹyìn Lára Aṣọ Ìyá Mi

Ọmọ Owódé ni Ameenah Láwàlì. Yunifásítì ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa àṣà àti iṣẹ́ ọwọ́. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń wá sí ìdí aró wa ní Ìtòkú, gbogbo Tọ́sìdeè, á jókòó ti ìyá mi, Asiata, á máa kọ̀wé. Ìwé mẹ́tàlélógún ló kọ kún.

Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Dókítà tí ò lábẹ́rẹ́, ẹ kú ìjókòó o!" Ẹ̀rín ló máa ń fi dá mi lóhùn.

Ìyá mi nìkan ló mọ àdìrẹ Ẹyẹ Olúmọ yà. Ojú mẹ́rìndínlógún ló máa ń pín aṣọ náà sí bí ojú fèrèsé, iṣẹ́ ọnà ọ̀tọ̀ ló wà lójú kọ̀ọ̀kan. Ìkẹyìn ló máa ń fi sílẹ̀ fún èmi ọmọ rẹ̀, torí àlejò kì í parí aṣọ ilé wa. Lọ́dún tó kọjá, rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Mo ti ìyẹ́ adìyẹ bọ ẹ̀kọ láfún tí a fi ń ya àdìrẹ, kí n yà á dípò rẹ̀, àmọ́ ojú ìkẹyìn yẹn nìkan ni mo mọ̀. Mo bú sẹ́kún.

Ni Ameenah tó jókòó tì wá bá ṣí ìwé rẹ̀, ó gba ìyẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ya ojú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò ṣi ẹyọ kan. Ó wá na ìyẹ́ sí mi.

"Àǹtí Mọ̀nsúrát, ẹ̀yin lẹ máa parí ẹ̀."

Ìyá mi fọwọ́ òsì ti ìyẹ́ náà padà sí i.

"Àlejò wo ló ń jókòó fún ọdún mọ́kànlá? Yà á jàre!"

Ameenah kúnlẹ̀, ó yà á.