Ọ̀pá Ìnulẹ̀ Pupa

Nígbà tí wọ́n yọ wá kúrò lára Kwara, tí a di ará Kogi, inú àwọn tó ń retí ipò ní Lọ́kọ́ja ń dùn. Ohun tí Kogi gbé wá bá èmi ni obìnrin kan. Ìlọrin ló ti ń ṣe agbálẹ̀ ní ọsibítù. Nígbà tí wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ kálukú máa lọ sí ìpínlẹ̀ tirẹ̀, wọ́n fi ìwé lé e lọ́wọ́, ó sì dé bá wa ní ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Kàbà, pẹ̀lú báàgì kan àti orúnkún tí kò ṣeé tẹ̀. Ọmọ Ìyàrá ni. Mo ti lo ọdún mẹ́sàn-án ní ọsibítù náà kí ó tó dé.

Wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ni tèmi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń fọ ilẹ̀ rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kan, àkísà lọ́wọ́ kejì, láti ẹnu ọ̀nà títí dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó kẹ́yìn. Bí mo bá ṣe tán, Mátírọ̀nù á kó àwọn agbálẹ̀ yòókù wá, á ní, "Ẹ wo ilẹ̀." Kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ó tó mi. Ọkọ mi jẹ́ tísà, kò yin ọbẹ̀ mi rí láyé, àwọn ọmọ mi sì rò pé kò sí ohun tí ìyá wọn mọ̀. Ilẹ̀ yẹn nìkan ni mo ní tí ẹnikẹ́ni fi ń yìn mí.

Obìnrin Ìyàrá yìí dé, ó ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ bí ará Ìlọrin. Àwa níhìn-ín, ìwọ ni à ń wí fún ìyá tó bí wa lọ́mọ, kò sì sí ìwọ̀sí kankan níbẹ̀. "Okun o, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́." Àràárọ̀ ni yóò fi "Okun" ìkíni wa kí mi, tí yóò tún fi "ẹ" kún un. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ni.

Orí àtẹ̀gùn ló ti ṣubú ní Ìlọrin, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ sì ti yẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òfin Mátírọ̀nù kò ní àánú nínú: agbálẹ̀ tí kò bá lè fọ wọ́ọ̀dù rẹ̀ tán kí dókítà tó wọlé, kí ó wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Wọ́n fún un ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, ògiri kan ló wà láàárín wa. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, orí àpótí ìdáná ló jókòó sí, tí ó ń wọ́ ọ kiri, tó ń fọ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Dókítà bá a lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mátírọ̀nù ní òun yóò fún un ní oṣù kan péré. Mo ń sọ fún un pé "Pẹ̀lẹ́ o," inú mi sì ń dùn bí ẹni jẹ oyin.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó gbé nǹkan kan wọlé. Ọ̀pá gígùn ni, tó ga tó èjìká rẹ̀. Ó kan pákó kékeré mọ́ ìdí rẹ̀ ní ìbú, ó ya búláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wẹ́wẹ́ bí okùn, ó sì fi rọ́bà táyà kan gbogbo rẹ̀ mọ́ pákó náà pẹ̀lú ìṣó. Èyí tó tilẹ̀ ya mí lẹ́nu jù ni garawa tó dá lu ní ihò kiri, tó gbé sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ti ki ọ̀pá bọ omi ọṣẹ, á gbé e sínú garawa, á tẹ̀ ẹ́, á lọ́ ọ, omi á sì ro sílẹ̀ láìfi ọwọ́ kàn án. Ó dúró ṣánṣán, ó ń ti ọ̀pá síwá sẹ́yìn. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kẹta ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ tí Mátírọ̀nù ń pè wá. Mo dìde, mo nu ọwọ́. Ẹnu ọ̀nà àwọn ọkùnrin ló dúró sí. Ó ní, "Ẹ wo ilẹ̀."

Owú jẹ mí dé egungun. N kò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pè é. Nígbà tí wọ́n tú ká, mo yọ́ wọ wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka ra igun ògiri, mo ń wá ìdọ̀tí. Ìka mi funfun báláú. Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Àárín ọ̀sẹ̀ méjì, búbà mi bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù mí lọ.

Ó tilẹ̀ wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n ṣe ọ̀kan fún yín, kí ẹ̀yin náà sinmi ìkúnlẹ̀."

Mo ní, "Orúnkún tèmi kò tíì kú."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ mi dùn. Ẹ ò rí nǹkan?

Búláńkẹ́ẹ̀tì tó ya yẹn, pupa ni. Mátírọ̀nù ló fún un nínú àwọn èyí tí kòkòrò ti jẹ ní sìtọ́ọ̀, àwọn pupa ńláńlá tí ọsibítù ń lò láyé àtijọ́. Ọmọ Odò-Àpé ní Bùnú ni ìyá mi, ahunṣọ sì ni. Àwọn ló ń hun aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣe òkú àwọn olóyè lẹ́yẹ. Láyé ìyá mi, òwú pupa dáadáa ṣọ̀wọ́n, búláńkẹ́ẹ̀tì ọsibítù yìí gan-an ni wọ́n máa ń rà, tí wọ́n á tú ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fi hun ìpò. Èmi náà bá wọn tú u nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Nítorí náà mo mọ̀ dájú pé òwú kì í ṣe ìpò. Kí ó tó di ìpò, àgbà obìnrin ni yóò hun ún, ètùtù sì wà tí wọn yóò ṣe. Èyí tó wà lórí ọ̀pá, àkísà lásán ni.

Ìyá arúgbó kan, ará Bùnú, wà ní wọ́ọ̀dù mi, egbò ẹsẹ̀ ló ń tọ́jú. Ní ọjọ́ kan tí nọ́ọ̀sì ní kí obìnrin Ìyàrá wá fi ọ̀pá rẹ̀ nu ibi tí omi dà sí lọ́dọ̀ wa, mo tẹ̀ sún mọ́ ìyá náà, mo ń tún pílò rẹ̀ ṣe. Mo ní, "Ìyá, ṣé o rí irú òwú tí wọ́n fi ń nu abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ?"

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kò parọ́. Ìyẹn ni mo fi ń tan ara mi fún ìgbà pípẹ́.

Ìyá náà wò ó, ó tún un wò, ó sì kó ẹsẹ̀ méjèèjì sórí bẹ́ẹ̀dì. "Ìpò! Mo ti kú ni? Tàbí olóyè wo ló kú sí ibí?" Ẹyin lohùn. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé, kò sí aláìsàn kan tó jẹ́ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ mọ́. Ìyá ìjọ kan ń gbàdúrà kíkankíkan, Hàjíà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń ṣe àmín sí i. Àwọn èèyàn Ẹ̀kìnrìn-Àdé tó wá wo aláìsàn tiwọn ti ń di ẹrù rẹ̀ láti gbé e lọ sílé.

Ará ìhà Igala ni Mátírọ̀nù, kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìpò. Ó pè mí sí apá kan. "Ìwọ tí ìyá rẹ jẹ́ ará Bùnú, ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ?"

Obìnrin Ìyàrá dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó di ọ̀pá mú, ó ń wo ẹnu mi. Gbogbo wa mọ̀ pé láìsí ọ̀pá yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Gbólóhùn kan ni ìbá yanjú ọ̀rọ̀ náà: àkísà ni, kò sí ohun tó ń ṣe é.

Mo ní, "Mà, àwọn àgbà kì í fẹ́ pupa yẹn nítòsí aláìsàn."

Obìnrin náà ní òun lè fi aṣọ funfun rọ́pò rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Inú ti ń bí Mátírọ̀nù jù láti gbọ́. Ó ní òun kò fẹ́ rí ọ̀pá kankan ní wọ́ọ̀dù mọ́, kí kálukú fi ọwọ́ rẹ̀ fọ ilẹ̀ bí àwọn yòókù.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi kúnlẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ láti òdìkejì ògiri. Bí ó bá ti gbé orúnkún ọ̀tún, á mí hẹ̀ẹ̀, kí n tó tún gbọ́ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá kò lè dìde. Àwọn agbálẹ̀ méjì ló gbé e. Kí ó tó máa lọ sí Ìyàrá, ó tiro wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Àwọn yòókù fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò bá wọn rẹ́rìn-ín."

Lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n fi mí ṣe olórí agbálẹ̀. Ìjọba kó ọ̀pá ìnulẹ̀ tuntun wá fún wa láti Lọ́kọ́ja, olókùn funfun, ṣùgbọ́n kò sí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí a ó fi máa fún omi rẹ̀ jáde. Àwọn agbálẹ̀ ń da omi kún ilẹ̀, aláìsàn kan sì yọ̀ ṣubú. Mo ní kí wọ́n bá mi wá garawa àti ìṣó. Mo lù ú ní ihò kiri, mo gbé e sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo tẹ ọ̀pá, mo lọ́ ọ, omi sì ro sílẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Mátírọ̀nù tuntun ti dé nígbà náà. Ó ní Lọ́kọ́ja ń béèrè orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tó bá dá ọgbọ́n kan tó wúlò. Ó bi mí pé ta ló kọ́ mi ní eléyìí.

Mo ní èmi ni mo dá a rò fúnra mi. Ó na bírò sí mi kí n kọ orúkọ sílẹ̀, mo sì gbà á, mo kọ tèmi.