Èjìká Bàbá Bogomir Méjèèjì

"Bàbá, kí ló dé tí èjìká ọ̀tún yín dúró, tí tòsì tún já?"

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí mo bi í. Màmá mi fi wàrà rán mi sí i, mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná rẹ̀, ojú ń tì mí. Bàbá Bogomir fi ọwọ́ ọ̀tún gba ìgò náà, ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni pé nǹkan wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí wàrà. Ó ní kí n bá òun kí màmá mi.

Ọ̀kan lára àwọn tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni. Lábúlé wa, bí ọdún Lovrenc Mímọ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe nígbà ooru bá ku ọ̀la, ọkùnrin mẹ́ta máa ń gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì lọ lu agogo. Wọn kì í fi okùn fà á. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń di irin tó rọ̀ sínú agogo mú, tí wọ́n á máa fi gbá a létí, oníkálukú lásìkò tirẹ̀, títí orin á fi jáde. Irin náà wúwo. Láti ìgbà èwe ni Bàbá Bogomir ti ń gbá a, títí iṣan tó so ẹran èjìká mọ́ egungun fi já, ọ̀tún lákọ̀ọ́kọ́, òsì lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan.

Dókítà Zupanc, obìnrin kan nílé ìwòsàn ìlú, ló tún méjèèjì ṣe. Ní ti ọ̀tún, ó lu ihò sí egungun, ó ki okùn gba inú rẹ̀, ó fi rán iṣan náà mọ́ ọn. Ìyàwó Bàbá Bogomir, Ìyá Rozalija, ló ń wọ aṣọ fún un títí ó fi san. Ìyá Rozalija kú kí tòsì tó já. Nígbà yẹn, ọ̀nà tuntun ti dé: dókítà náà kan àwọn ìṣó tíntìntín tó ní okùn nídìí mọ́ egungun, ní ìlà méjì, kí iṣan lè tẹ́ lé egungun dáadáa. Ó ní èyí lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Bogomir, o ti di ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ," ni Drago tí wọ́n jọ ń lu agogo fi ṣe é yẹ̀yẹ́. "Rọra sún mọ́ agogo o, irin ń wá irin!"

"Ẹnu tìẹ gan-an ló yẹ kí wọ́n kàn ní ìṣó. Má fi àyè mi fún ẹnikẹ́ni. Mò ń bọ̀ lọ́dún Lovrenc."

Kò lè lọ. Kí òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀ ni iṣan náà ti tún já, ó sì ti fà sẹ́yìn débi pé kò ṣeé rán mọ́. Drago fi ẹlòmíì sí àyè rẹ̀. Nígbà tí àjọ̀dún ku ọ̀la, gbogbo abúlé jáde sójú títì láti gbọ́ agogo. Ooru mú gan-an, síbẹ̀ fèrèsé Bàbá Bogomir wà ní títì pa. Mo rí i láti ẹ̀yìn gíláàsì, ó kẹ̀yìn sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń fi ìka ọ̀tún gbá tábìlì jẹ́jẹ́, ní àsìkò tó bá kan òun láti gbá agogo nìkan.

Lọ́dún yìí tí mo fẹ́ jáde nílé ìwé, mo tẹ̀ lé e lọ sílé ìwòsàn, torí kò lè dá wọ kóòtù. Dókítà Zupanc gbé apá òsì náà sókè, ó rọra gbé e sílẹ̀.

"Bàbá, látìgbà tí tiyín ti já, mi ò fọkàn tán ìṣó yẹn mọ́. Ihò ni mo tún ń lù fún àwọn èèyàn."

Èmi ni Bàbá Bogomir kọjú sí, kì í ṣe dókítà.

"Ọmọ mi, o bi mí nígbà kan ìdí tí tòsì fi já. Ìṣó ò ṣẹ̀. Kí wọ́n tó ní kí n máa lọ sílé, dókítà yìí bi mí bóyá mo ní ẹni tó máa bá mi gbé igi sínú ààrò, pé bí kò bá sí, òun á dá mi dúró títí apá á fi jinná. Mo purọ́ fún un pé Rozalija wà nílé. Òtútù mú lọ́jọ́ tí mo délé. Mo tú aṣọ tí wọ́n fi so apá mi kọ́rùn, mo lọ la igi."